Ìgò Kẹta Inú Kúlà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tó da orí mi rú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò tíì mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún.

Yunifásítì kan nítòsí Ìkejì-Arákejì ni mo wà, ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ni mò ń kọ́. Kí ló wá kan ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan òkun? Ẹ bi ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi. Àwọn ló rán mi lọ bu omi létí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ. Àwọn kòkòrò kan wà nínú omi náà tí wọ́n ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ohun tó ń hù nínú omi. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wò bí wọ́n ṣe pọ̀ tó.

Mo bu ìgò mẹ́ta lójú kan náà, mo kó wọn sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Nígbà tí mo dé Iléṣà, ó ti rẹ̀ mí, mo bá yà sọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Màmá béèrè ohun tó wà nínú kúlà. Mo ní omi òkun ni. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní iṣẹ́ ilé ìwé ni, kò lè yé wọn.

Kí n tó jí láàárọ̀, Màmá ti gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀ fún mi. Bí mo ṣe ń wẹ̀, ó ń ta mí lójú díẹ̀, mo rò pé ọṣẹ ni. Mo gbé kúlà mi, ó di ilé ìwé.

Ìgò kìíní dáa. Ìkejì dáa. Ìkẹta ńkọ́? Iyọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kòkòrò inú kànga ni mo bá, kò sí ti òkun kankan. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bákan náà ni. Ṣé òkun lè di kànga lójú ọ̀nà ni? Mo fura sí ẹ̀rọ, mo fura sí ọwọ́ ara mi.

Ọ̀gá mi wò mí títí, wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé mo pọn omi kànga, mo da iyọ̀ sí i. Ó dùn mí wọnú eegun. Wọ́n ní tí mi ò bá rí àlàyé ṣe kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àwọn ò ní fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Ọdún kan mìíràn nìyẹn.

Mo sá lọ bá Màmá lọ́jọ́bọ̀, mo ń sunkún. Mo sọ ọ́ tán. Wọ́n ní àwọn mú ìgò kan nínú kúlà mi.

Ìjọ aládùúrà ni Màmá ń lọ, ẹ sì mọ bí omi òkun ṣe ṣọ̀wọ́n tó lọ́dọ̀ wa. Wọ́n kúnlẹ̀ gbàdúrà sí i kí n lè yege, wọ́n dà á sínú omi ìwẹ̀ mi. Kí ìgò má baà dín, wọ́n pọn omi kànga, wọ́n po iyọ̀ mọ́ ọn. Lójú tiwọn, omi oníyọ̀ náà ni omi òkun.

Omi tí mò ń wá, èmi ni mo fi wẹ̀! Ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Mo wá jókòó, mo ṣàlàyé ohun tí àwọn kòkòrò yẹn ń ṣe. Màmá ní, "Ṣé bí erèé tí a máa ń gbìn sóko uṣu tó bá ti ṣá n'Ímẹ̀sí-Ilé, kí ulẹ̀ lè lọ́ràá padà? Kí ló wá le níbẹ̀?"

Òun gan-an ni. Kòkòrò inú gbòǹgbò erèé, ìyẹn ẹ̀wà, ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá tẹ̀ lé mi dé ọ́fíìsì ọ̀gá mi, wọ́n sì jẹ́wọ́ fúnra wọn. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n fi ìgò méjì tó kù parí iṣẹ́ náà. Ṣé àdúrà yẹn wá gbà ni àbí kò gbà? Kò yé mi. Màmá ní ó gbà.

Ohun tí mo kọ́ ni pé "kò lè yé yín" tí mo sọ ló ba ìgò kẹta jẹ́. Ká ní mo jókòó ṣàlàyé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá ì bá fi omi mi sílẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rò pé kò lè yé àwọn ará ilé yín, tó wá yé wọn jù yín lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, èmi àti Màmá la jọ ń kà á.