Bàtà Básíkẹ́ẹ̀tì tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ránṣẹ́

Láti àdúgbò Komah ní Sokodé, níbi tó ti ń ṣe mekáníìkì, ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fi bàtà náà ránṣẹ́ sí mi nílùú wa, Kambolé. Àlòkù ni, irú ti ayé àtijọ́: funfun, ọrùn rẹ̀ ga kọjá kókósẹ̀, ìlà pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì níléèwé wa ní Tchamba nígbà náà, kò sì sí ọmọbìnrin kankan nínú wa tó ní irú rẹ̀.

Mo wọ̀ ọ́. Ó fún mi lẹ́sẹ̀. Ìyá mi tẹ iwájú rẹ̀, ó ní, "Ìka ẹ ti ká jọ. Kò bá ẹ mu."

"Ó bá mi mu, Màmá."

Bàbá mi rọ àgbàdo gbígbẹ kún inú rẹ̀, ó bu omi sí i kó lè wú. Bàtà náà fẹ̀ díẹ̀, kò tó.

Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n kó àwa ọmọ iléèwé lọ sí Sokodé láti lọ jó fún ìjọba. Mínísítà kan ń bọ̀ láti Lomé, olú-ìlú wa, bàtà funfun sì ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ wọ̀; ti ẹ̀gbọ́n mi yìí nìkan ni funfun tí mo ní. Láti àárọ̀ la ti wà nínú oòrùn, à ń kọrin yin olórí orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di ọ̀sán, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń tú okùn bàtà. Olùkọ́ wa sáré dé.

"Mùsíẹ̀," bí a ṣe ń pe olùkọ́ ọkùnrin ni mo pè é, "ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

Ó wo àwọn sójà tó wà létí pápá. "Dè é padà. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ní kẹ́ ẹ tàbùkù Ààrẹ ni?"

Mo dè é padà, mo jó. Ní ìrọ̀lẹ́, mínísítà dé, ó juwọ́ sí wa láti inú ọkọ̀, ó kọjá lọ.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti bọ́ bàtà náà. Ẹ̀jẹ̀ ti lẹ ìbọ̀sẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi omi iyọ̀ fọ ẹsẹ̀ náà, ó ń sọ ṣáá pé, "Mi ò tiẹ̀ béèrè ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹ."

Mo padà sí Kambolé. Kò pẹ́, egbò náà kẹ̀, ibà dé, ìka ẹsẹ̀ mi dúdú. Ní ọsibítù, wọ́n gé méjì nínú wọn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá ṣe Iléyá, ìta ló jókòó sí títí ìyá mi fi lọ fà á wọlé.

"Ṣé o lè rìn?" ló bi mí.

Mo dìde, mo rìn dé ibi ògiri, mo padà. Ó fi ọwọ́ bojú, ó sunkún bí ọmọdé. Mo lọ jókòó tì í.