Ilé-Ìwé Tí A Kò Kọ́ Tán

Nígbà tí mo wà ní kékeré, oko ni a ń gbé ju ilé lọ. Agbolé wa wà ní Ilare níbí, ní ìgboro Ifẹ̀, ṣùgbọ́n abúlé kòkó bàbá mi ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì gbọ́njú sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ lónìí kò lè mọ bó ṣe jìn tó fún ọmọdé tó ń fẹsẹ̀ rìn. Bí a bá jáde ní ìdájí, oòrùn á ti mú kí á tó rí òrùlé ìgboro. Nítorí náà, kò sí ọmọ abúlé wa kan tó ń lọ sí ilé-ìwé.

Bàbá mi ni baálẹ̀ abúlé náà. Kì í ṣe torí pé ó bí mi ni mo ṣe ń sọ ọ́, èèyàn dáadáa ni. Bí tọkọtaya bá ń jà, ó lè jókòó tì wọ́n láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́, kò ní pariwo, kò ní bínú dìde, títí inú àwọn méjèèjì á fi rọ̀. Sùúrù yìí ni wọ́n rí lára rẹ̀ tí wọ́n fi fi í joyè.

Ní ọdún kan, kòkó so, ó sì tà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé tí ọwọ́ dilẹ̀, àbúrò ìyá mi kan wá kí wa. Bíríkìlà ni, Ìpetumodù ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó bi àwọn àgbà léèrè pé kí ló dé tí wọn kò fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé-ìwé, pé bí ilé bá ti wà nílẹ̀, wíwá tíṣà kò ní le. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnu kan náà ni gbogbo wọn fi dáhùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọkùnrin ti gbé ọkọ́ jáde, àwọn ìyá wa ń pọn omi láti odò, àwa ọmọdé sì ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀. A ń kọrin, a ń ti ara wa ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ọmọbìnrin tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Ògiri kò tíì kan orúnkún tó fi ti yan ibi tí yóò máa jókòó. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí fèrèsé yóò wà ló mú, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dúró níbẹ̀.

Ògiri dé àyà àgbàlagbà. Ìgbà náà ni bàbá àgbà kan ní abúlé náà bínú. Ilẹ̀ tí a ń kọ́lé sí kò jìnnà sí igi obì rẹ̀, ó ní wọn kò kọ́kọ́ wá sọ fún òun, òun àti àwọn ọmọ òun kò sì ní fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Bàbá mi ní kí iṣẹ́ dúró ná, kí òun lọ pẹ̀tù sí i nínú.

Àbúrò ìyá mi wá bá a ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀gúsí.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn yìí ti gbéra. Bí wọ́n bá jókòó pẹ́nrẹ́n, ẹ ò ní rí wọn gbé dìde mọ́.”

Bàbá mi dá a lóhùn pé, “Ilé tí gbogbo wa ò bá jọ kọ́, àlejò ni ẹnìkan máa jẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ní sùúrù.”

Bàbá àgbà náà ti lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Òkèrèwè. A dúró dè é. Ó dé, ó ní àfi kí ẹ̀gbọ́n òun gbọ́ sí i. A tún dúró. Àwọn kan ní kí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí ògiri ná, bàbá mi kọ̀, ó ní yóò dà bí ẹni pé a fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ń lọ wo ògiri lárààárọ̀. Àbúrò ìyá mi padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá àgbà náà gbà nígbẹ̀yìn, tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọkọ́, ògiri ti ya lulẹ̀ lápá kan. Bàbá mi ránṣẹ́ káàkiri, ṣùgbọ́n onílé méjì péré ló jáde. Àwọn yòókù ń gbin àgbàdo, wọ́n ní ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá àgbà náà wo ẹrẹ̀ náà títí, ó yíjú sí bàbá mi.

“Ṣé torí tèmi ni gbogbo rẹ̀ ṣe dúró? Ẹ̀ bá máa ṣe é lọ, Baálẹ̀. Ǹ bá wá bá yín níbẹ̀.”

Bàbá mi gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó kọrí sílé.

Ẹ̀ẹ̀rùn padà dé, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ilé-ìwé mọ́. Bí bàbá mi bá dá a sílẹ̀, wọ́n á dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì bá ọ̀nà wọn lọ. Torí pé a ní ilé ní ìgboro, wọ́n mú mi wá sọ́dọ̀ àǹtí mi ní Ilare, mo sì kàwé níwọ̀nba. Ọ̀rẹ́ mi kò ní àǹtí kankan ní ìgboro. Títí di òní olónìí, bó bá fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, àfi kó wá ẹni tí yóò bá a wá orúkọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ni ìyá tó máa ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún yín. Kò dá bàbá mi lẹ́bi rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Nígbà tí bàbá mi darúgbó, tí kò lè lọ sóko mọ́, a jókòó ní ìta agbolé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń kọjá. Ó wò wọ́n títí tí wọ́n fi ṣẹ́ kọ́nà. Ó ní, “Mo rò pé ara tó yá wọn nígbà yẹn máa dúró dè mí ni.”

Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi lówe yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Sùúrù rẹ̀ kò burú, ìgbà tó lò ó ni kò bọ́ sí i.

Ayé ti yí. Ilé-ìwé pọ̀ ní Ifẹ̀ báyìí débi pé àwọn ọmọ ń yan èyí tó wù wọ́n. Ní àdúgbò wa níbí, gọ́tà tó ń jẹ ojú ọ̀nà lọ, ọjọ́ ti pẹ́ tí alága ẹgbẹ́ onílé ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sórí Wasáàpù. Gbogbo wa ń dá a lóhùn, a ń ṣàdúrà fún un. Láàárọ̀ Sátidé, òun àti ṣọ́bìrì rẹ̀ nìkan ló ń dúró níbẹ̀. Bí mo bá wò ó láti ojú fèrèsé, mo máa ń rántí àárọ̀ tí odidi abúlé jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn wọn. Àwa tí a rí irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ rò pé ọdọọdún ni yóò máa wá.