Ilẹ̀kùn tí Ìyá Dídán Kùn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àléébù ṣe ń pòórá lára igi, kó lọ wo Ìyá Dídán lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀, Káfíńtà, ló ń gé igi, òun ló sì ń kàn án, àmọ́ bí iṣẹ́ bá ti kúrò lọ́wọ́ ọkọ, ọwọ́ ìyàwó ló ń bọ́ sí. Òun ni yóò fi pọ́tì dí ojú ìṣó, tí yóò fi sáńpépà ha á títí yóò fi jọ̀lọ̀, tí yóò wá fi ọ̀dà kùn ún. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà nídìí ẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí tábìlì, wọn a ní, "Ìyá, ibo lẹ ti so ó pọ̀?" Òun a kàn rẹ́rìn-ín. Kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má tàn yín jẹ, ó mọ̀ pé òun mọṣẹ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò fẹ́ràn nínú ilé wọn, ìyẹn ìbọn ọkọ rẹ̀. "Orogún mi" ló ń pè é. Ọdún tí àwọn olè kó gbogbo irinṣẹ́ Káfíńtà lọ ló gba ìwé àṣẹ ìbọn, ọdọọdún ló sì ń sọ ìwé náà dọ̀tun. Inú àpótí irin ni ìbọn ń gbé, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n sì fi ń tì í pa, bí òfin ṣe wí. "Orogún mi ní yàrá tiẹ̀, ó tún ní kọ́kọ́rọ́," Ìyá Dídán a máa sọ fáwọn aládùúgbò. "Èmi tí mo bímọ mẹ́rin, ta ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́?"

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Káfíńtà ti já bọ́ láti orí òrùlé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́, wọ́n ti fi pọ́pù dì í láti orúnkún délẹ̀, orí àga ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìbọn, ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Ìyá Dídán wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn nígun òpópónà nígbà tó gbọ́ gbàùù! Ó sáré. Sálúbàtà kan bọ́ lọ́nà, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó délé, ọkùnrin kan wà nílẹ̀ níwájú ilé, ó di èjìká mú, ó ń kérora. Ihò mọ́kànlá wà lára ilẹ̀kùn níbi tí àwọn ọta wẹ́wẹ́ gbà jáde, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bá àgádágodo rẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́. Nínú ilé, Káfíńtà jókòó, ìbọn wà lórí itan rẹ̀.

"Ohùn méjì ni mo gbọ́," ó sọ fún un. "Wọ́n ń fi irin yọ ilẹ̀kùn. Mo pariwo lẹ́ẹ̀mẹta pé mo nílé, pé mo níbọn. Ọ̀kan wá ń fi èjìká gbá a. Ìyá wọn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo la ní. Ibo ni kí n gbé ẹsẹ̀ yìí gbà?"

Ẹnì kejì ti gbé irin náà sá lọ. Ọlọ́pàá dé, wọn ò dúró wo ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ẹni tó fara gbọta lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gbé Káfíńtà àti ìbọn rẹ̀ lọ sí àgọ́, wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ wá wo ilé.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó padà wá. Kí wọ́n tó dé, Ìyá Dídán ti ṣe nǹkan tó jẹ́ pé ìyàwó káfíńtà nìkan ló lè ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilé ò gbà á, ọ̀nà ò gbà á. Ẹni tó bá wá kí i, á kọ́kọ́ dúró síwájú ilẹ̀kùn, á ti ìka bọ ihò, á mi orí. Ojú ń tì í. Ilẹ̀kùn ilé oníṣẹ́ igi, kó máa jò bí asẹ́! Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbé pọ́tì, ó dí ihò mọ́kọ̀ọ̀kànlá tinú tòde, ó tún ẹ̀bá àgádágodo ṣe, ó ha á, ó fi ọ̀dà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kì í jẹ́ kí ojú ráyè sunkún. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Àwọn ọlọ́pàá wo ilẹ̀kùn, ó ń dán. "Mo ti dí i," ló sọ fún wọn. Ọ̀gá wọn fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó yọ ṣùtì ètè. Kò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn, wọ́n lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n gbé e lọ.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Òfin ìlú wọn kò lọ́jú pọ̀ rárá: onílé tó níwèé àṣẹ lè yìnbọn fún ẹni tó ń fipá wọlé bá a, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu tí kò sì ríbi sá sí. Àmọ́ bí ẹni náà bá ti kẹ̀yìn tó ń lọ, ìbọn gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ọkùnrin eléjìká wá sọ lórí bẹ́ẹ̀dì pé àga lòun wá ná. Ó ní àwọn fa ọ̀rọ̀, òun ti ń lọ jẹ́jẹ́ òun, ni Káfíńtà ṣílẹ̀kùn tó yìnbọn lu òun. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ihò dà lára ilẹ̀kùn? Àwọn tó ti ìka bọ ihò náà sì ń bẹ̀rù kóòtù, ẹnì kankan nínú wọn ò wá jẹ́rìí. Wọ́n ní Káfíńtà fẹ́ pààyàn. Wọn ò gba béèlì rẹ̀. Ó lo oṣù mẹ́ta ní àhámọ́, pọ́pù ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbó síbẹ̀. Bí ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, ọdún mẹ́rìnlá ni, ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta!

Lọ́yà wọn, ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ wọn kẹta lọ, kìlọ̀ fún Ìyá Dídán. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ní kóòtù pé ẹ dí i. Bí wọn ò bá gbà yín gbọ́, wọ́n á ní òpùrọ́ ni yín. Bí wọ́n bá gbà yín gbọ́, wọ́n á ní ẹ bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀, wọ́n á ti ẹ̀yin náà mọ́lé."

Ìyá Dídán gbéra, ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, wọ́n gbé ilẹ̀kùn wọlé, wọ́n fi ti ògiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bá àwọn ọlọ́pàá yẹ ẹ̀rí wò ní òun fi iná wò ó, òun fi awò wò ó, òun ò rí ihò kankan. Ẹ wá gbọ́ o: orí Ìyá Dídán kọ́kọ́ wú. Ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú awò, kò rí i! Lẹ́yìn náà ló bojú wo ọkọ rẹ̀ nínú àpótí olùjẹ́jọ́, ó rí bí ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, orí tó wú sì rọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ òun ló ń ti ọkọ òun lọ sẹ́wọ̀n. Ó dìde.

"Olúwa mi, ihò wà níbẹ̀. Èmi ni mo dí i."

Kóòtù dà rú. Lọ́yà wọn fi ọwọ́ bojú. Agbẹjọ́rò ìjọba fò sókè bí ẹni tí èèrà ta. Adájọ́, àgbàlagbà kan tí kì í yára bínú, fi ọwọ́ gbá tábìlì.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè kó bá yín?"

"Mo mọ̀, Olúwa mi. Àmọ́ ọkọ mi ò purọ́. Ẹ jẹ́ n fi hàn yín."

Wọ́n mú un búra. Wọ́n wá ọ̀bẹ pẹlẹbẹ àti síséélì tẹ́ẹ́rẹ́ fún un. Kò fi nǹkan wọ̀n ọ́n, kò wá ibì kankan kiri. Ó fi ìka mẹ́rin lé ibi kan, ó gún un, pọ́tì já bọ́. Ó gún òmíràn. Ọ̀dà ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́. Nígbà tó dé ìkọkànlá, ó họ ẹ̀bá àgádágodo, ojú ọgbẹ́ irin sì yọ síta. Ó ní kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba ihò mọ́kọ̀ọ̀kànlá kọjá, ó bà sára aṣọ agbẹjọ́rò ìjọba.

"Ẹ wo inú, ojú ihò mọ́ kedere. Ẹ wo ìta, igi ya. Inú ni ọta ti wá, ilẹ̀kùn sì wà ní títì."

"Olúwa mi, wọ́n lè ti dá ihò wọ̀nyí lẹ́yìn náà!" agbẹjọ́rò ìjọba figbe ta.

Adájọ́ yíjú sí ọ̀jọ̀gbọ́n. "Láti ọjọ́ kẹta, ibo ni ilẹ̀kùn yìí wà?"

"Ọ̀dọ̀ wa, Olúwa mi. Òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀."

"Ìbọn ńkọ́?"

"Láti ọjọ́ kìíní, ọ̀dọ̀ wa ni."

Agbẹjọ́rò ìjọba jókòó. Adájọ́ wá ní kí ọkùnrin eléjìká bọ́ síwájú, kó dúró ti ilẹ̀kùn lóde, kó ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbá a wọlé. Ó dúró. Gbogbo ihò náà ṣe déédéé èjìká tí àpá ọgbẹ́ wà lára rẹ̀. Ó wo adájọ́, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ jókòó." Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ti ọkùnrin yìí kò tiẹ̀ rìn ju oṣù mẹ́ta lọ.

Adájọ́ kò jáde lọ rò ó. Ó ní onílé tó jókòó nílé rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, tó kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì níwèé àṣẹ, kò ṣẹ̀ sófin. "Mo dá a sílẹ̀. Kí ó máa lọ sílé rẹ̀ lónìí." Ó wá wo Ìyá Dídán. "Ní tiyín, Ìyá, ẹni tó fẹ́ bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀ kì í wá tú u síta níwájú mi. N kò mọ òfin tó ní kí n ti èèyàn mọ́lé torí pé ó mọṣẹ́ jù."

Ẹ̀rín sọ. Lọ́yà dì mọ́ Ìyá Dídán, gíláàsì ojú rẹ̀ sì já bọ́. Wọ́n ṣí àpótí, Káfíńtà tiro jáde, ó dúró níwájú ìyàwó rẹ̀. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tí ọ̀dà kún èékánná rẹ̀. Ìyá Dídán ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ayọ̀ kún inú rẹ̀ débi pé kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe.

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí akọ̀wé kóòtù ké sí i. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo pàǹtí ọ̀dà yìí ńkọ́?"

Ìyá Dídán kò wẹ̀yìn.

"Ẹ gbá a, ọmọ mi. Ọkọ mi ni mò ń mú lọ sílé."