Igbá Ọtí Tí Tata Kọ̀

Àná la sin tata, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Pásítọ̀ pè é ní ìyá rere. Èmi kò ṣe àmín. Bí mo ti ń padà bọ̀, òórùn ọkà bàbà tó ń hó nínú ìkòkò gbà mí nímú létí títì ní Tchatchou, mo sì ní kí onízẹ́mì tó fi alùpùpù gbé mi dúró.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi máa ń pọn ṣukutù, ọtí ọkà bàbà. Ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan, oṣù méjì lẹ́yìn tí bàbá mi kú, àwọn oníbàárà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wa. Ìyá mi kọ́kọ́ tọ́ ọtí náà wò, bí gbogbo ọlọ́tí ti ń ṣe, ó sì kúnlẹ̀ gbé igbá fún tata.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí, ìyàwó."

"Ẹ jọ̀ọ́, tata. Ọwọ́ tó ń pọn ọ́n fún yín tẹ́lẹ̀ náà ni."

"Mo mọ ohun tí ọwọ́ náà lè ṣe."

Àwọn yòókù rọra gbé igbá tiwọn sílẹ̀. Ìyá mi mu ti tata tán níṣojú wọn. Ó mu ti ẹni kejì, ó mu ti ẹni kẹta, ìfófòó ń ṣàn sára aṣọ dúdú rẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé tata ti ń sọ káàkiri pé májèlé inú ọtí ìyá mi ló pa bàbá mi.

Wọ́n dìde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ṣì ń mu. N kò rí i kí ó mutí yó rí, nítorí náà, nígbà tí ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí ó ṣubú, mo pàtẹ́wọ́, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.