Ẹ̀rín Verlin Tollefson

Ní ìlú wa ní Nebraska, ilé iṣẹ́ rédíò máa ń tún àwọn eré àtijọ́ gbé sáfẹ́fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Àwa àgbàlagbà máa ń tètè jẹun nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ardis Tollefson, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, kì í gbọ́ ọ fún ìgbádùn lásán. Ẹ̀rín ọkọ rẹ̀ ló ń wá.

Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, kí Verlin ọkọ rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sójú ogun, òun àti Ardis lọ wo eré apanilẹ́rìn-ín kan ní Hollywood, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Apanilẹ́rìn-ín náà ní, "Epo ti wọ́n jù. Mọ́tò mi ò mu epo mọ́, bàtà mi ló ń jẹ." Èrò rẹ́rìn-ín tán, wọ́n dákẹ́. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Verlin, ọmọ oko, ló bá bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan. Apanilẹ́rìn-ín náà yíjú sí i: "Sójà, ṣé ẹsẹ̀ lo fi rìn débi àwàdà yẹn ni?"

Verlin kò padà wá. Oyún Lorna ọmọ wọn ṣì wà nínú Ardis nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé. Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ nílé, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sí, àfi inú eré yẹn. Lorna ti lé ní ogójì ọdún, kò gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ rí.

Dwight Kessel, tó ń bójú tó ètò náà lórí rédíò, bá Ardis wá eré yìí títí. Nígbà tó rí i, ó tẹ̀ ẹ́ láago pé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni òun yóò gbé e sáfẹ́fẹ́. Lorna wakọ̀ wá láti Denver. Ardis ní kí èmi àti ìyàwó mi wá bá àwọn jókòó.

"Màámi, ẹ ò tíì fọwọ́ kan páì yín," ni Lorna wí.

"Jẹ tìẹ. Ẹnu ẹ ò tiẹ̀ sinmi."

"Ẹnu tẹ́ ẹ bí mọ́ mi náà ni."

"Dákẹ́ jàre, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀!"

Àwàdà epo dé. Èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n dákẹ́. Ardis na ìka sókè. Apanilẹ́rìn-ín náà bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Màámi, èwo ni ẹ̀rín Bàbá mi?"

Nígbà tí eré parí, Ardis pe Dwight. A ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti inú fóònù.

"Mà, ṣé ọ̀sán lẹ lọ ni, àbí alẹ́?"

"Alẹ́ ni."

Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n ń ṣe eré kan náà: ti ọ̀sán fún àwọn ará ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tí ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tiwọn, ti alẹ́ fún àwọn ará ìwọ̀-oòrùn. Gbogbo àwa tó dàgbà nídìí rédíò la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí nínú wa.

"Ti ọ̀sán ni wọ́n tọ́jú, mà. Wọn ò gba ti alẹ́ sílẹ̀. Ẹ má bínú."

Ardis gbé fóònù sílẹ̀. "Kò sí níbẹ̀," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "A ò tíì dé gbọ̀ngàn yẹn nígbà tí wọ́n ṣe é."

"Ó dáa, Màámi. Ẹ fi hàn mí. Báwo ni Bàbá mi ṣe máa ń rẹ́rìn-ín?"

Ardis la ẹnu. Ohun tó jáde dà bí ikọ́. Ó tún gbìyànjú, ó sì dúró.

"Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n," ó wí. "Mo ti gbójú lé rédíò. Lorna, ẹ̀rín náà ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́."

Lorna pa rédíò, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ìyá rẹ̀. Ìyàwó mi fà mí láṣọ, a sì jáde.