Aṣọ Fẹ́lẹ́ fún Ilé Ayálégbé

Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kọ́tìnì ló sì mọ̀ ọ́n rán jù. Nígbà tí baba rẹ̀ kú, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fẹnu kò pé kí àwọn fi ayálégbé sílé tó fi sílẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ wá wò ó ní ilé dára, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Kò ya Aránṣọ lẹ́nu. Aṣọ tó ki bíi kúbùsù ni baba wọn fi bo gbogbo fèrèsé, kí ará ìta má baà rí bó ṣe ń na ìyàwó rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fa kọ́tìnì dé ná, kí ó tó tú bẹ́líìtì nídìí. Bí àwọn ọmọ bá ti gbọ́ tí òrùka kọ́tìnì ń họ irin, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń gbà lọ. Pálọ̀ ilé náà ni eyín ìyá wọn ti ká.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tún ilé ṣe, Aránṣọ gbé aṣọ òwú funfun fẹ́lẹ́ dé. Ó ṣàlàyé fún àbúrò rẹ̀ pé aṣọ náà ló dínwó jù: ayálégbé á lè fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kò sì sí àwọ̀ tí oòrùn máa bà jẹ́ lára rẹ̀. Bíláìndì oníke ńkọ́? Ó ní ìyẹn kì í pẹ́ kán lọ́wọ́ ayálégbé. Àbúrò ní kí wọ́n má wulẹ̀ náwó rárá, pé ti baba àwọn ṣì lágbára, eruku lásán ló mú un.

Aránṣọ ò bá a jiyàn. Ó gun àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú kọ́tìnì baba wọn.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni àbúrò wí. "Ẹ fi nǹkan baba mi sílẹ̀."

"Nǹkan baba ẹ ló fọ́ ìyá ẹ lẹ́nu," lòun náà fèsì, kò sì wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí àbúrò fi fẹsẹ̀ gbá àga nídìí. Tòun ti kọ́tìnì, tòun ti irin, gbì, Aránṣọ fi èjìká balẹ̀. Àbúrò fún un lọ́rùn, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹni bíni là á jọ: ojú baba wọn gan-an ni Aránṣọ rí lókè orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan irin kọ́tìnì. Ó fi la àbúrò rẹ̀ lápá, egungun sì dún bí igi gbígbẹ. Ó tún fi bà á ní orúnkún. Ó ti gbé irin náà sókè, orí ló kù, nígbà tí àbúrò ká kò bí ìgbà tí wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó."

Irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa díẹ̀ ya lára aṣọ funfun náà, ó fi gbé apá àbúrò rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì mú un lọ sọ́sípítù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi wọ́n léèrè, àbúrò ní òun já bọ́ láti orí àga ni.

"Irọ́ ni," ni Aránṣọ wí. "Ó fún mi lọ́rùn, mo sì fi irin ṣẹ́ ẹ lápá."

Aṣọ fẹ́lẹ́ ló wà lójú fèrèsé báyìí, ayálégbé sì ti kó wọlé. Apá àbúrò ò nà tán mọ́. Bó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó máa ń kí i ní ohùn kékeré. Aránṣọ á dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kì í gbójú kúrò lára maṣíìnì.