Orúkọ Ẹ̀gbẹ́ Gẹ́ètì Yunifásítì

Orí àkàsọ̀ ni mo wà lọ́jọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́ètì yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ kan lágbègbè Ifọ̀, tí mò ń fi ọ̀dà funfun pa orúkọ ilé ìwé náà rẹ́. Mo ti pa á dé ìdajì. Iṣẹ́ kíkọ lẹ́tà sára ògiri ni mo kọ́ ní Ìsẹ́yìn kí n tó kó wá sí Mówè. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé lẹ́tà tó bá dára á pẹ́ ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Ọ̀gá mi ò mọ ìjọba ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni. Èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Ìjọba mìíràn sọ ọ́ di yunifásítì, inú ará Ifọ̀ dùn, akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti Àjùwọ̀n àti Òkè-Arò. Èmi náà ni mo kọ ìyẹn. Ọmọ mi, Mọ́rẹ́nikẹ́, kàwé gboyè níbẹ̀. Ilé ìwé kan ní Ìbàfò fẹ́ gbà á ní tíṣà, sàtífíkéètì ló kù. Àfi bí ìjọba tún ṣe ní àwọn máa da yunifásítì náà pọ̀ mọ́ òmíràn, orúkọ á sì yí padà. Sàtífíkéètì ò jáde mọ́, ọmọ jókòó sílé. Orí mi dàrú pátápátá.

Mo pe Alàájì, ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ yunifásítì náà, tó dúró nísàlẹ̀. "Alàájì, tí mo bá kọ orúkọ tuntun yìí tán, ilé ìwé wo lọmọ mi ti jáde?"

"Bàbá Mọ́rẹ́, ẹ má bi mí. Èmi gan-an ò mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ mọ́."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú mi. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù mi dún.

"Daddy, sàtífíkéètì wa ti jáde o! Mo ti gbà á!"

"Orúkọ wo ló wà lára ẹ̀?"

"Ti tẹ́lẹ̀ náà ni, sà. Mo wà nínú ọgbà, mò ń bọ̀ wá ya fọ́tò ní gẹ́ètì."

Mo wo ògiri. Ojú tì mí, inú mi sì ń dùn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni: mo ki búrọ́ṣì bọ ọ̀dà dúdú, mo tún orúkọ àtijọ́ náà kọ sórí ọ̀dà tútù. Alàájì kàn ń wo ojú ọ̀nà. "Ẹ ṣe kíá," ló sọ, "kí ọ̀gá pátápátá tó dé."

Mọ́rẹ́nikẹ́ dé, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nínú fọ́tò náà, ọ̀dà ń ṣàn wálẹ̀ lára lẹ́tà, ṣùgbọ́n orúkọ náà hàn ketekete.

Nígbà tó lọ tán, mo gun àkàsọ̀ padà, mo sì pa orúkọ náà rẹ́.